Iron 883: ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kì í ṣe sàlẹ́ńsà

Kò wọ́pọ̀ kí èèyàn rí alùpùpù Iron 883 tó ṣì wà bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́. Ẹni tó rà á ní tuntun á ti yí nǹkan kan padà lára rẹ̀, ẹni tó rà á lọ́wọ́ onítọ̀hún á tún yí òmíràn. Harley-Davidson ló ṣe é, ọ̀kan lára ìdílé Sportster tó ti wà láti ọdún 1957. Ẹ́ńjìnnì Evolution wọ ìdílé náà ní 1986. Ní 2004 wọ́n gbé e lé rọ́bà kí gbígbọ̀n rẹ̀ lè dínkù, ní 2007 wọ́n yọ kàbúrétọ̀ kúrò, injection, ìyẹn ètò tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, sì rọ́pò rẹ̀. Iron fúnra rẹ̀, tí kóòdù rẹ̀ ń jẹ́ XL883N, jáde ní 2009. Òfin èéfín Euro 5 ló lé e kúrò lọ́jà Yúróòpù ní ìparí 2020. Àlòkù ló kù báyìí, ìyẹn ni pé ẹni tó bá rà á ń ra iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì mọ́ ọn.

Ojú ẹni tó fẹ́ tún un ṣe la fi wò ó níbí: èwo lára ẹ̀yà rẹ̀ ló tọ́ sí owó, èwo ló ń jẹ owó lásán, ibo ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. A kò ní fi èrò wa pamọ́. Ìrísí rẹ̀ dára láti ilé iṣẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í tètè kú, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ le jù, bíréèkì iwájú àwọn tó kọ́kọ́ jáde kò mú dáadáa, agbára rẹ̀ sì kéré sí ara rẹ̀, torí ó lé ní kìlógíráàmù 250 nígbà tí epo àti ọ́ìlì bá wà nínú rẹ̀. Bí owó kò bá tó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò níbí.

Ṣọ́ọ̀kì

Kí síìtì lè rẹlẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ṣọ́ọ̀kì kúkúrú sẹ́yìn rẹ̀. Àyè tí táyà ẹ̀yìn ní láti gòkè kò pé mílímítà 60. Bí táyà bá já sí kòtò, ṣọ́ọ̀kì ti tẹ̀ dé òpin kó tó ṣiṣẹ́ kankan, ìyókù sì dọwọ́ egungun ẹ̀yìn ẹni tó gùn ún. Sàlẹ́ńsà olówó iyebíye kò lè tún ìyẹn ṣe.

Èyí tó gùn tó inṣi 13 sí 13.5 ló máa ń bá a mu jù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn lè mú inṣi 12, ìyàtọ̀ á ṣì hàn. Kí ẹ tó rà á, ẹ sọ ìwọ̀n ara yín fún ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì sọ bóyá ẹ máa ń gbé èèyàn sẹ́yìn, torí sípíríǹgì tó bá kìlógíráàmù 65 mu kò lè bá 100 mu. Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á ra ṣọ́ọ̀kì tó dára gan-an, sípíríǹgì ẹlòmíì ló máa wà nínú rẹ̀.

Fífi sí i kò le. Ẹ gbé máṣíìnì sórí jáàkì títí táyà ẹ̀yìn á fi fẹ́ kúrò nílẹ̀, ẹ tú ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ de tuntun síbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí ẹ bá tú méjèèjì pa pọ̀, apá tó di táyà ẹ̀yìn mú á já wálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn láti àárín táyà ẹ̀yìn dé ibì kan tí ẹ fi àmì sí lórí mọ́gáàdì nígbà tí táyà kò kan ilẹ̀. Kí ẹni tó máa gùn ún jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó máa ń wọ̀, kí ẹlòmíì tún wọ̀n ọ́n. Iye tó fi rì yẹ kó wà láàárín ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo àyè tí ṣọ́ọ̀kì ní. Bó bá rì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fún sípíríǹgì mọ́lẹ̀ sí i. Bí ẹ bá fún un dé òpin tí kò sì tó síbẹ̀, sípíríǹgì náà ti rọ̀ jù fún yín, ẹ dá a padà.

Ohun mẹ́rin máa ń tẹ̀ lé gíga ẹ̀yìn yìí tí ẹni tó ń ta ṣọ́ọ̀kì kì í sábà sọ. Sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ ti Iron kúrú, nítorí náà máṣíìnì á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù tí ẹ bá gbé e kalẹ̀. Ẹ ra sítáǹdì ti Sportster tó ga. Iná iwájú á máa wo ilẹ̀, ó gba títò padà. Fífà bẹ́líìtì tó ń yí táyà ẹ̀yìn á yí padà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò gẹ́gẹ́ bí ìwé ilé iṣẹ́ ṣe wí. Ẹ̀kẹrin dára: iwájú á túbọ̀ yára yí nígbà tí ẹ bá ń kọ́nà.

Ní ti iwájú, páìpù rẹ̀ jẹ́ mílímítà 39. Àwọn tó jáde kí ó tó di 2016 ní ètò àtijọ́, sípíríǹgì tuntun àti ọ́ìlì tuntun á sì yí wọn padà pátápátá láìná owó púpọ̀. Láti 2016, cartridge, ìyẹn ètò ìdarí ọ́ìlì tó wà nínú páìpù tirẹ̀, ló wà nínú rẹ̀, ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀yà tí wọ́n ń tà fún ti àtijọ́ kò sì bá a mu. Tí ẹ bá ń da ọ́ìlì sí ti àtijọ́, ẹ má fi iye tí ẹ dà nìkan ṣe òdinwọ̀n. Ẹ yọ sípíríǹgì, ẹ ti páìpù wálẹ̀ dé òpin, kí ẹ wá wọn láti ẹnu rẹ̀ dé ojú ọ́ìlì. Ọ́ìlì àtijọ́ tó kù sínú ló máa ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì má dọ́gba.

Bíréèkì àti táyà

Díìsì kan ṣoṣo ló wà níwájú. Ní 2014 wọ́n sọ ọ́ di mílímítà 300, wọ́n tún bíréèkì náà ṣe, wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ lè ra èyí tó ní ABS, tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí ẹ bá fún bíréèkì. Ẹni tó ní irú èyí lè fowó rẹ̀ pamọ́. Fún 2009 sí 2013, páàdì sintered, ìyẹn èyí tí wọ́n fi lúúlúú irin ṣe, àti họ́ọ̀sì tí wọ́n fi wáyà stainless hun lára ni kí ẹ rà. Họ́ọ̀sì rọ́bà máa ń wú díẹ̀ nígbà tí ẹ bá fún bíréèkì, agbára ọwọ́ yín á sì ṣòfò síbẹ̀. DOT 4 ni omi bíréèkì rẹ̀. Àwọn Harley tó dàgbà jù ú lọ ń lo DOT 5, méjèèjì kò sì gbọdọ̀ pàdé nínú họ́ọ̀sì kan. Wáṣà tuntun ni kí ẹ lò fún bọ́ọ̀tì tó di họ́ọ̀sì mú. DOT 4 máa ń jẹ ọ̀dà, nítorí náà ẹ fi aṣọ tó rin bo táńkì kí ẹ tó ṣí ìdérí.

Táyà kò gba àríyànjiyàn: 100/90-19 níwájú, 150/80-16 lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀yìn sanra ju bẹ́ẹ̀ lọ ń wá ìjà bẹ́líìtì.

Háńdù

Páìpù háńdù rẹ̀ fẹ̀ tó inṣi kan, ọjà sì kún fún irú rẹ̀. Gíga rẹ̀ ni wàhálà. Wáyà tọ́rọ́tù méjì ló wà, wáyà kílọ́ọ̀ṣì kan, họ́ọ̀sì bíréèkì kan, àti wáyà iná tó lọ sí bọ́tìnnì méjèèjì. Tí háńdù bá fi díẹ̀ ga ju ti ilé iṣẹ́, gbogbo wọn lè ṣì tó. Tó bá ti di ape hanger, ìyẹn háńdù gíga fíofío, oní inṣi 10 sókè, ẹ ra gbogbo wọn tuntun, kí ẹ sì ṣírò owó wọn mọ́ owó háńdù kí ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú.

Bọ́ọ̀sì rọ́bà tó wà lábẹ́ ohun tó gbé háńdù ró máa ń yí tí háńdù bá ga, torí ọwọ́ gígùn ń fà á. Ti polyurethane, ìyẹn ike tó le ju rọ́bà lọ, á mú un dúró, àmọ́ ọwọ́ á gbọ̀n díẹ̀ sí i. A fara mọ́ ọn fún háńdù gíga, kò sí ìdí rẹ̀ fún èyí tó rẹlẹ̀.

Bí ẹ bá ń mú wáyà bọ́tìnnì gùn, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, kí ẹ sì fi rọ́bà tó ń súnkì bò ó. Ẹ má jẹ́ kí ojú àsopọ̀ méjì wà ní ibì kan náà, torí ìdì náà á sanra, kò sì ní kọjá nínú ihò háńdù. Ihò yẹn fúnra rẹ̀, ẹ fi fáìlì gbo etí rẹ̀. Etí mímú á máa gé rọ́bà ara wáyà díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn oṣù mélòó kan fíúsì á máa jó nígbà tí ẹ bá yí sí apá kan ṣoṣo, mẹkáníìkì á sì wá a títí kò ní rí i.

Kí ẹ tó gùn ún jáde, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi sí jíà òfo, kí ẹ yí háńdù láti òpin ọ̀tún dé òpin òsì. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá ròkè nígbà tí ẹ ń yí i, wáyà tọ́rọ́tù ti ń fà. Ẹ má tíì gùn ún.

Sàlẹ́ńsà, fílítà àti ọpọlọ ẹ́ńjìnnì

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nìyí. Nǹkan mẹ́ta yìí, ọ̀kan ni wọ́n: bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé, bí èéfín ṣe ń jáde, àti iye epo tí ọpọlọ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn kọ̀ǹpútà rẹ̀, ń tú sílẹ̀. Nítorí òfin èéfín, epo tí ilé iṣẹ́ yàn fún un kò pọ̀ rárá. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára páìpù lè tún un ṣe díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń rìn jẹ́jẹ́, àmọ́ tí ẹ bá fún un níná gan-an, ìwé tí wọ́n kọ sínú ọpọlọ rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ iye epo tó yẹ kó tú, nìkan ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tó ṣí fílítà, tó ṣí sàlẹ́ńsà, tí kò sì tún ìwé náà kọ, ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ẹ́ńjìnnì á gbóná jù, á máa hùkọ́, á sì máa dún pá-pá nígbà tí ẹ bá jọ̀wọ́ tọ́rọ́tù.

Tó bá jẹ́ pé ìdajì ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà nìkan lẹ pààrọ̀, tí páìpù iwájú àti fílítà ṣì jẹ́ ti ilé iṣẹ́, kò sí ohun tó ń lé yín. Ìró á dára, agbára kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Fún ẹni tí ìró nìkan ló wù, ìyẹn ti tó, a ò sì rí ìdí tó fi yẹ kó ná ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fún ẹni tó fẹ́ agbára, páìpù méjì tó wọnú ọ̀kan la fọwọ́ sí. Ó ń ran ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ láti ìsàlẹ̀ dé àárín, níbi tí èèyàn ti ń lo cruiser, irú alùpùpù yìí. Páìpù kúkúrú méjì tí kò ní nǹkan nínú rẹwà lójú, ariwo rẹ̀ sì pọ̀, àmọ́ ó máa ń gba agbára ìsàlẹ̀ yẹn lọ. Ẹ ó rí i pé ẹ nílò jíà kékeré níbi tí ẹ kò ti nílò rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe máṣíìnì kí ẹ tó rà á. Ihò sẹ́ńsọ̀ jẹ́ mílímítà 18 títí dé 2013, ó sì di 12 láti 2014. Ẹnu ibi tí wọ́n ti ń bá ọpọlọ ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ náà yí padà lọ́dún yẹn, láti ẹsẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Àwọn ẹ̀rọ bíi Power Vision ti Dynojet tàbí FP3 ti Vance & Hines máa ń so ara wọn mọ́ máṣíìnì kan ṣoṣo nígbà tí wọ́n bá ti kọ ìwé sínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra fún àlòkù tó pọ́ọ́kú: ó lè ti so mọ́ máṣíìnì ẹlòmíì.

Bí ẹ bá ń fi páìpù sí i, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ fi sí ẹnu sílíńdà méjèèjì. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi de gbogbo nọ́ọ̀tì, kí páìpù lè jókòó bó ṣe fẹ́. Ẹ wá fún ti ẹnu sílíńdà, méjèèjì díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè dọ́gba, kí ẹ tó fún ti irin tó gbé e ró lẹ́yìn. Bí ẹ bá fi ti ẹ̀yìn ṣáájú, páìpù á máa fa ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì ní pa dé. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ibẹ̀ wọlé á tan sẹ́ńsọ̀ jẹ. Á rò pé epo kéré, ọpọlọ á sì tú epo sí i láìnídìí. Kí ẹ tó tanná fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ fi sípíríìtì nu gbogbo ara páìpù títí kò fi ní sí àmì ìka kankan. Ooru á jó òróró ìka yín mọ́ chrome, kò sì ní kúrò mọ́ láé. Aṣọ tí àwọn kan ń wé mọ́ páìpù, a ò gbà á nímọ̀ràn: ó ń gba omi dúró, irin á sì dípẹtà lábẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Fílítà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí ń gba inú bọ́ọ̀tì méjì tó di fílítà mú mí, èémí ọ́ìlì ń jáde láti orí sílíńdà wọ inú fílítà. Fílítà ọjà tí kò pa ibẹ̀ dé dáadáa á máa tu ọ́ìlì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹni tó gùn ún. Kí ẹ tó bínú sí fílítà, ẹ yẹ ìwọ̀n ọ́ìlì wò: bó bá kún ju àmì lọ, ibẹ̀ náà ló máa gbà jáde. Ẹ fi gọ́ọ̀mù bọ́ọ̀tì aláwọ̀ búlúù sí gbogbo sókúrù ẹ̀yìn fílítà. Èyí tó bá tú níbẹ̀ kò ní bọ́ sílẹ̀, inú ẹ́ńjìnnì ló máa lọ.

Láti 883 sí 1200

Èyí la fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìtóbi ẹ́ńjìnnì ní cc ni nọ́ńbà méjèèjì. Ìrìn písítìnì 883 àti ti 1200 kan náà ni, mílímítà 96.8. Fífẹ̀ sílíńdà nìkan ló yàtọ̀: 76.2 sí 88.9. Nítorí náà, ẹ kò ní fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Sílíńdà, písítìnì, ríǹgì àti gásíkẹ́ẹ̀tì ni ẹ máa pààrọ̀, wọ́n sì lè ṣe é láìyọ ẹ́ńjìnnì kúrò lára máṣíìnì tí wọ́n bá ti sọ táńkì kalẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó ń fún un ní agbára tó bẹ́ẹ̀ fún iye owó bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni yíyan písítìnì. Àyè tí iná ti ń jó nínú orí sílíńdà 883 kéré. Bí ẹ bá fi písítìnì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n ṣe fún orí 1200, sábẹ́ rẹ̀, ìfúnpọ̀ á ga jù, ẹ́ńjìnnì á máa kan bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Èyí tí orí rẹ̀ jìn sínú, tí wọ́n ṣe fún orí 883, ni kí ẹ béèrè fún.

Ẹ fi ríǹgì kọ̀ọ̀kan sínú sílíńdà tó máa lò, kí ẹ wọn àlàfo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó fi sára písítìnì. Bọ́ọ̀tì orí sílíńdà, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á, ẹ fún wọn ní àgbélébùú, ní ìpele mẹ́ta: 8 sí 10 ft-lb (òdinwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fún bọ́ọ̀tì), lẹ́yìn náà 13 sí 15, lẹ́yìn náà ìdá kan nínú mẹ́rin yípo, ìyẹn 90°. Ẹni tí kò ní sípánà tọ́ọ́kì kò gbọdọ̀ dán an wò. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti de rocker box, ìyẹn àpótí orí sílíńdà, ẹ má tíì yí ẹ́ńjìnnì. Ẹ dúró kí ọ́ìlì inú lifter, ohun tó ń ti pushrod sókè, sọ̀ kalẹ̀ títí ẹ ó fi lè fi ìka yí pushrod, ọ̀pá tó ń bá a ṣí fáàfù. Ẹni tó bá kánjú tẹ sítáátà níbẹ̀ á tẹ pushrod tàbí fáàfù.

Ìwé tuntun inú ọpọlọ ẹ́ńjìnnì kì í ṣe àṣàyàn níbí, dandan ni. Jíà 883 kúrú ju ti 1200 lọ, nítorí náà máṣíìnì á máa fò jáde láti ibi ìdúró, àmọ́ ẹ́ńjìnnì á máa yí kíákíá lójú ọ̀nà jíjìn. Àwọn kan fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ lè pààrọ̀ púlì iwájú. Ẹ sì sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò yín, torí ìwé máṣíìnì á ṣì máa ka 883.

Nígbà tí ẹ bá ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ òsì fún ohunkóhun, ẹ wo inú kílọ́ọ̀ṣì. Àwo kan wà láàárín àwọn àwo rẹ̀ tí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì kàn pọ̀. Rífẹ́ẹ̀tì yẹn lè já, kó sì máa jẹ àwọn yòókù run. Kílọ́ọ̀ṣì ọjà tí kò ní irú àwo bẹ́ẹ̀ wà, kò sì wọ́n.

Ẹwà

Mọ́gáàdì ẹ̀yìn tí wọ́n gé kúrú máa ń bá a mu gan-an. Kí ẹ tó gé e, ẹ yọ ṣọ́ọ̀kì, ẹ gbé táyà sókè dé ibi tó lè dé, kí ẹ rí iye àlàfo tó kù. Bọ́ọ̀tì tó wọnú mọ́gáàdì, orí rẹ̀ tó tẹ́ ni kó kọjú sí táyà. Ẹnu bọ́ọ̀tì tó yọ síta á gé táyà bí ọ̀bẹ.

Iná LED tí ẹ fi ń júwe ibi tí ẹ fẹ́ yà sí á máa ṣẹ́jú kíákíá jù, torí iná tó ń fà kò tó ohun tí máṣíìnì ń retí. Load equalizer, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi kún iná tí wọ́n ń fà, ló ń wo ìyẹn sàn. Ẹ yọ ẹsẹ̀ òdì bátìrì kí ẹ tó gé wáyà kankan.

Táńkì rẹ̀ gba lítà 12.5. Táńkì kékeré ti Forty-Eight, Sportster mìíràn, rẹwà jù ú lọ, àmọ́ lítà 7.9 péré ló gbà, ilé epo á sì di ọ̀rẹ́ yín. Bí ẹ bá ń ra táńkì ọjà, ẹ rí i pé ti injection ni, torí inú táńkì ni pọ́ǹpù epo wà. Ọ̀dà Denim tí kì í dán, ẹ má fi póléèṣì pa á: ibi tí ẹ bá pa á á máa dán, ìyókù ò ní dán.

Nínú gbogbo ọdún tó wà lọ́jà, èyí tí wọ́n ṣe láti 2016 la máa rà, nítorí ṣọ́ọ̀kì iwájú àti bíréèkì. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ bó ti wù kó rí lè ra ti 2009 sí 2013, kó sì fi owó tó kù ra sílíńdà 1200. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé wọ́n ti tún ọpọlọ ẹ́ńjìnnì kọ, ẹ béèrè ẹ̀rọ tí wọ́n fi kọ ọ́, kó fi kún máṣíìnì fún yín, torí láìsí i ẹ lè máa sanwó fún òmíràn nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí nǹkan kan padà.